Ẹ Yé Da Yẹ̀pẹ̀ Dí Àbàtà Ògùrọ̀

Ìjà tó ń lọ lórí ilẹ̀ ẹ̀bá títì Circular Road n'Ìbàdàn ti di ìjà mítà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní òun fẹ́ gba ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 500 lápá ọ̀tún títì náà, mítà 500 lápá òsì. Àwọn onílẹ̀ ní ó ti pọ̀ jù, àwọn tó ti kọ́lé ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má wó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìròyìn mọ ibi tọ́rọ̀ dé, a ò ní tún un rò. Ohun tó mú wa gbé kálàmù lónìí ni pé nínú gbogbo ariwo yìí, látẹnu ìjọba títí dẹ́nu àwọn tó ń bá ìjọba fà á, a ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan bèèrè ohun tó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí títì tó dé. Ọ̀pẹ là ń sọ, àti àbàtà tí ògùrọ̀ ń gbé.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ì báà jẹ́ mítà 500 ni wọ́n gbà, ì báà dín sí i, títì tó gùn tó kìlómítà 110, tó yí Ìbàdàn po, kò lè ṣe kó má gba orí odò kọjá. Níbi tí títì bá sì ti kọjá, pulọ́ọ̀tì ń bọ̀ lẹ́yìn. Tíípà á kọ́kọ́ dé pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀, àwọn sọ̀fíyọ̀ á ri òpó kékeré wọn mọ́lẹ̀, ó parí. Ibi tí omi ń sinmi sí tẹ́lẹ̀ ti di ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ògùrọ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n nínú ife nìkan. Igi yìí kì í fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ. Àbàtà ló ń wá, etí odò, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń rì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń so láyé rẹ̀. Bó bá ti so tán, ó kú nìyẹn. Ìgbà tó bá ń múra àtiyọ òdòdó gan-an ni adẹ́mu máa ń lọ bá a. Á gbé àkàbà ọparun tì í, á gé e lórí, á fi agbè sí i, á máa gba omi rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí tí kò fi ní ní nǹkan kan mọ́. Igi tí wọ́n bá dá ẹmu lórí rẹ̀ báyìí kò ní fi èso sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí adẹ́mu tó bá mọṣẹ́ fi ń dá àwọn kan sí kí wọ́n so, kí ọmọ wọn lè hù sínú ẹrẹ̀ náà. Ẹ da yẹ̀pẹ̀ sí àbàtà náà, ẹ ti pa ìyá, ẹ sì ti pa ọmọ.

Àbàtà yìí kan náà ló ń gba omi òjò dúró kó má bàa ya wọ ìgboro. Ta ni ní Ìbàdàn tó yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ìyẹn? Omíyalé Ògùnpa ti 1980 ṣì wà lọ́kàn àwọn àgbà. Òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011 gbé afárá lọ, ó gbé ọkọ̀ lọ, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Òun ló mú ká lọ yá mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé ní 2014. Lára ohun tí wọ́n fi owó yẹn ṣe ni ìwé ètò ìlú Ìbàdàn àti ìwé ètò ọ̀nà omi rẹ̀. Ẹ̀yáwó ni o, àwa la ó san án. A ti bèèrè àwọn ìwé yìí lójú ewé yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì: níbo ni wọ́n fàlà sí pé ilé kò gbọdọ̀ kọjá? Ṣé ìwé náà àti ètò ilẹ̀ ẹ̀bá Circular Road tilẹ̀ mọ ara wọn?

Ìgbà tí àyípadà ojú ọjọ́ ń mú kí òjò tó yẹ kó rọ̀ lọ́sẹ̀ méjì máa dà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo la wá ń dí ibi tó yẹ kó gbà á.

Ẹ wo ilé ẹlẹ́mu láàárín ìgboro lọ́sàn-án. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi gbé ẹmu dé ti ń hó lẹ́nu, wọn ò lè dé e pa torí pé á bẹ́. Oníbàárà tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó ní ìyá ẹlẹ́mu ti fi omi àti ṣúgà sí i. Nígbà mìíràn òótọ́ ni, a ò ní gbèjà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹmu bá ti kán sínú agbè ló ti ń kan, ooru sì ń lé e sáré. Nígbà tí igi wà lẹ́yìn ilé, àwọn bàbá wa ń mu ún ní dídùn kí oòrùn tó mú. Lónìí tí ìlú ti lé igi jìnnà, ọkọ̀ ló ń gbé e gba inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, títí tí yóò fi gbóná tán. Ìyá ẹlẹ́mu wá ń jẹ èébú fún ohun tí àwọn tó ń pín ilẹ̀ ṣe.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ẹmu ti kéré jù fún ọ̀rọ̀ olóòtú. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn Faransé. Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa kóra jọ síbẹ̀ fún àpérò lórí àyípadà ojú ọjọ́, ìlú ńlá àti ọgbà àjàrà, èso tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì. Ní ìlú Beaune ní Burgundy, àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkórè àjàrà wà láti 1354 títí dé 2018. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú rẹ̀ ni pé láti 1988, ìkórè ti fi nǹkan bí ọjọ́ 13 ṣíwájú bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. Ní Vienna, olú ìlú Austria, ọgbà àjàrà tó lé ní hẹ́kítà 500 wà nínú ìlú fúnra rẹ̀, òfin sì ń ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá sì ní òyìnbó nìyẹn, ẹ wo Cape Town ní South Africa. Ìlú náà fẹ́ sọ apá kan ilẹ̀ oko Philippi di ilé. Ní oṣù Kejì 2020, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé àṣẹ náà, ó ní àwọn tó fọwọ́ sí i kò ro ti omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ àti àyípadà ojú ọjọ́ bó ṣe yẹ. Adájọ́ kan kojú ìjọba nítorí oko ẹ̀fọ́!

Àwa náà kúkú ń lọ sí àpérò. Ní Dubai lóṣù Kejìlá 2023, orúkọ 1,411 ló wà lábẹ́ Nàìjíríà nínú ìwé àwọn tó lọ sí ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́. Nígbà tí àwọn èèyàn pariwo, ìjọba àpapọ̀ ní 422 péré lòun sanwó fún. Péré! Ẹ dákun, nínú 422 yẹn, ta ló padà dé tó wọ bàtà rọ́bà, tó lọ wo àbàtà kan ṣoṣo ní Ọ̀nà-Àrà tàbí Olúyọ̀lé? Ta ló kọ ojú ewé kan péré tí ará oko lè kà? A ti ní òfin àyípadà ojú ọjọ́ láti 2021, a ní ìgbìmọ̀, a ní báàjì tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn. Ó ti sú wa.

Kì í ṣe ìmọ̀ ló wọ́n wa. NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí Bìní, ti ń bá ọ̀pẹ ṣiṣẹ́ láti 1939, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ẹmu sígò kó má kan. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé, wà níbí n'Ìbàdàn láti 1967. Ohun tí kò sí ni ẹni tó máa jókòó ti adẹ́mu, kó kọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ gùn lọ́dún àti iye agbè tó sọ̀ sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ àgbẹ̀. Ìwé àti bírò kò tó ohun tí a ń yá owó fún.

A ò lòdì sí títì o. Ìbàdàn nílò rẹ̀, ẹni tó bá ti há sí Ìwó Road lọ́jọ́ ọjà mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ò sì sọ pé ìjọba kò lágbára lórí ilẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ti fún gómìnà. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló sọ pé owó irúgbìn àti ilé ni wọ́n máa san fẹ́ni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á ka ọ̀pẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dá iye lé e, bàbá àgbẹ̀ á fọwọ́ síwèé. Àbàtà kò ní iye kankan nínú ìwé yẹn, torí náà ẹni tó bá dí i kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó.

Ohun tá a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò nílò owó Báńkì Àgbáyé. Kí wọ́n gbé ìwé ètò ìlú àti ti ọ̀nà omi jáde láti Sẹkitéríàtì Àgódi, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní etí ìlú, kí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ lè rí ibi tí odò gbà. Kí wọ́n yọ gbogbo àbàtà tó wà lẹ́bàá títì náà kúrò nínú ohun tí wọ́n máa pín, ì báà jẹ́ ìjọba ló fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, ì báà jẹ́ olówó tó mọ gómìnà. Títí wọ́n á fi ṣe é, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì ilẹ̀ fọwọ́ sí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ní ẹ̀bá títì yìí.