Ìsinmi lòwe wí, kò sọ ìṣirò

Ilé labọ̀ sinmi oko. Gbogbo wa la máa ń pa á. Téèyàn bá ti Èkó dé sí Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́ Friday, á ju báàgì sílẹ̀, á ní ah, ilé labọ̀ sinmi oko o, á na ẹsẹ̀, ó parí. Ó ti wọ̀ wá lẹ́nu débi pé a ò gbọ́ nǹkan tó ń sọ mọ́. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni, àwọn tó kọ́kọ́ pa á sì mọ̀ pé kì í ṣe ojoojúmọ́ lèèyàn ń ru iṣu bọ̀ látoko, ọjọ́ mìíràn ọ̀yà ti jẹ ẹ́ tán, ọjọ́ mìíràn ọ̀dá ti mú un, ọjọ́ mìíràn ejò ló lé onítọ̀hún wálé tí kò rántí mú àdá. Síbẹ̀ wọn ò ní ilé labọ̀ sinmi ẹni tó kórè. Wọ́n dárúkọ oko, wọ́n dárúkọ àbọ̀, wọ́n dárúkọ ìsinmi, wọn ò dárúkọ apẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo bèèrè apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò mi.

2018 ló ti Líbíà dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rántí àsìkò yẹn, láti April 2017 ni IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí kúrò nílùú wọn, ti ń fi owó àwọn ará Yúróòpù kó àwọn ọmọ wa bọ̀ láti Líbíà, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù ní pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed n'Íkẹjà ni wọ́n máa ń já wọn sí, àwọn NEMA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, á ti dúró dè wọ́n. Nígbà tó wá di November 2017 tí CNN gbé fídíò ibi tí wọ́n ti ń ta èèyàn dúdú ní gbàǹjo bí ẹní ta ewúrẹ́ jáde, gbogbo ayé figbe ta, bàálù náà sì pọ̀ sí i. Ará Ẹdó àti Delta ló pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn ló jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ nígbà yẹn bíi pé ọ̀rọ̀ ilé ẹlòmíì ni, àfìgbà tí fóònù màmá wa dún.

Kano ló gbà dé Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger, ibẹ̀ ló ti wọ Hilux tó gba aṣálẹ̀, wọ́n á ki igi bọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìwọ á há igi náà sáàárín itan kóo má bàa jábọ́, torí ẹni tó bá jábọ́, ọkọ̀ ò ní dúró dè é. Ní Sabha, ní gúúsù Líbíà, bọ́gà tó kó wọn lọ tà wọ́n fún àwọn tó ni gẹ́tò, ilé tí wọ́n ń ti èèyàn mọ́ títí ẹbí á fi sanwó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń nà án lórí fóònù ká lè máa gbọ́. Ilẹ̀ tí màmá wa rà síbi tí wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ ogbó kọ́lé sí ló lọ síbẹ̀, pẹ̀lú owó àjọ tó jẹ́ owó olówó. Ẹ má bínú, mo ní láti sọ ìyẹn kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí ìbéèrè mi ti wá. Ó wọlé lálẹ́, ó gbẹ, ojú ẹ̀ tóbi, kò tíì jókòó dáadáa tí mo fi ní, "Kí ló wá kù lọ́wọ́ ẹ báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí mi, ara mi ló kù." Mo rò pé ó ń yájú sí mi ni.

Ká tó ṣe ọ̀sẹ̀ kan, a ti rí i pé ara yẹn gan-an ò tíì dé tán. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń sùn, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Tó bá mu pure water dé ìdajì, á so ẹnu nylon náà, á kì í bọ àpò. A rí búrẹ́dì tó ti hu lábẹ́ ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ táwọn ọmọ onílé gbá géètì onírin gbàgà, abẹ́ tábìlì la ti bá a. Màmá ní wọ́n ti ń ṣe é láyé, Sunday ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n mú un lọ ṣe thanksgiving, pásítọ̀ pè é síwájú, gbé mic fún un pé kó jẹ́rìí nǹkan tí Olúwa ṣe. Ó di mic mú. Ó ń làágùn. Kò sọ̀rọ̀. Gbogbo ìjọ ń pariwo haleluyah láti fi ràn án lọ́wọ́, òun wá rọra gbé mic sílẹ̀, ó jáde gba ọ̀nà títì lọ. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló tó wọlé. Gbogbo wa la nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ o, kò sẹ́ni tó fẹ́ pa á lára, ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan tá à ń ṣe: ẹni tí wọ́n fi dandan mú sọ̀rọ̀ nínú gẹ́tò, la tún fi dandan mú sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Lóru ọjọ́ kan ló sọ fún mi pé, ikú yá j'ẹ̀sín. Ẹ̀rù bà mí.

Òwe yẹn nìyẹn, tó ń bá ti àkọ́kọ́ jà. Àwa Yorùbá mọyì ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tẹ́ ẹ bá sì bi mí, ayé ogun ló ti wá, àwọn balógun tó kó ọmọ ogun lọ tó pàdánù ló ń fi ìyẹn kọ̀ láti padà wálé. Balógun ni wọ́n. Wọ́n joyè, wọ́n búra, wọ́n mọ nǹkan tí wọ́n tọwọ́ bọ̀. Ọmọ ọdún 24 tí bọ́gà purọ́ fún, tí wọ́n tà, tí wọ́n nà, oyè wo ló fi wọ́lẹ̀? Àwọn tó tà á ló yẹ kójú tì. Síbẹ̀ òwe tí kì í ṣe tiẹ̀ ló gbé wọ̀, torí pé ilé ò fi ti ilé wọ̀ ọ́.

Kì í sì í ṣe pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìnísà nípa Gáná. November 1969, Busia tó jẹ́ olórí ìjọba Gáná nígbà yẹn fún àwọn àjèjì tí ò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ 2 kí wọ́n kúrò, àwọn èèyàn wa tó ti ṣòwò débẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n ń dé pẹ̀lú ìkòkò kan àti ọmọ tó ń sọ Twi tí kò gbọ́ Yorùbá. Ìyá wa àgbà ní lágboolé tàwọn, omi ìwẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún wọn, ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ á tẹ̀ lé e, baálé á sì kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má bi wọ́n ní nǹkan kan títí wọ́n á fi fúnra wọn sọ̀rọ̀. Mi ò ní fi adùn kún un ju bó ṣe rí lọ o, àwọn ọmọdé fi ahọ́n àwọn ọmọ Gáná ṣe yẹ̀yẹ́ yó, bàbá kan sì wà tó jẹ́ pé títí tó fi kú, ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Kumasi ló ń kà lórí ìka. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í léèrè apẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan ti ń pè wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àwọn tó ti Líbíà dé, a ò ráyè ẹ̀ torí kì í sọ̀rọ̀ owó. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ikú yẹn ni mo fúnra mi pè é. Mo tẹ̀ lé àbúrò mi dé ọ̀dọ̀ wọn n'Ìbàdàn, mo ti múra pé wọ́n á ní kó máa rojọ́. Wọn ò bi í ní nǹkankan nípa Líbíà lọ́jọ́ náà. Wọ́n bi í nípa oorun, nípa oúnjẹ, ta ló ń bínú sí i nílé (mo wo ilẹ̀). Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, obìnrin náà ní, "Àbúrò mi, tẹ ẹsẹ̀ ẹ méjèèjì mọ́lẹ̀. Dárúkọ nǹkan 5 tóo rí nínú yàrá yìí fún mi." Ó ní fáànù. Kàlẹ́ńdà. Bàtà yín, mà. Ìgò omi. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, àǹtí mi. Mo sunkún tán kí n tó délé.

Wọ́n sọ nǹkan kan fún mi tí màá sọ fún yín: ìrántí tó ń ṣe é yẹn, kò mọ̀ pé ó ti kọjá, ó rò pé Sabha ló ṣì wà, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń ràn án lọ́wọ́ láti mọ ibi tó wà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló nílò dókítà. Oúnjẹ, ibi tó láàbò, ẹbí tí ò ṣàtakò, iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á gbéra pẹ̀lú ìyẹn. Àmọ́ tí àìsùn tàbí ìjáyà bá gbé e bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò dẹ̀, tó ń mutí kó lè sùn, tó ń gbóhùn tẹ́nìkan ò gbọ́, ẹ gbé e dìde lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tó bá wá dárúkọ ikú, ọjọ́ yẹn gan-an ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Àwọn kan á ní aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Àbí kì í ṣe ẹni tó gbé aṣọ ni kò tètè sáré ni? Nílẹ̀ Yorùbá níbí, l'Árò l'Abẹ́òkúta, ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sáàárín àwọn ará abúlé, tòun ti ẹbí kan tó tẹ̀ lé wọn wá, wọ́n á gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sílé onílé lálẹ́. Ayé gbọ́ nípa ẹ̀. Àgboolé tún ni, àbí?

Ẹ̀rù mìíràn sì wà tí dókítà nìkan ò lè tú. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n mú búra nídìí òrìṣà kí wọ́n tó kó wọn lọ Ítálì, òmíì dé ilé tán kò lè sùn torí ìmùlẹ̀. Ní March 2018 ni Ọba Ewuare Kejì ti Benin pe àwọn olóògùn jọ, ó tú gbogbo ìmùlẹ̀ náà, ó fi àwọn tó ń ṣe é ré. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, mo mọ ẹni tó ní ọjọ́ tóun gbọ́ ìròyìn yẹn lòun kọ́kọ́ sùn mọ́jú.

Nílé tiwa, nǹkan tó ṣiṣẹ́ jù ni pé mo gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ni owó àjọ sọ́wọ́ ara mi. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè owó, èmi ni kó pè. Mo sọ fún màmá pé ká má dárúkọ ilẹ̀ yẹn létí ẹ̀ mọ́, wọ́n ṣe é dé ibi tí wọ́n lè ṣe é dé, wọ́n kàn máa ń mí kanlẹ̀. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ táìlì. Àwọn ọjọ́ kan ò dáa, ó ṣì ń sùn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àmọ́ ó ti ń bọ́ bàtà.

Oṣù tó kọjá, à ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, òun ló bá mi jókòó. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ ni, ó ń sọ nípa ọmọ Ṣakí kan tí wọ́n jọ wà nínú Hilux yẹn, bó ṣe máa ń kọrin, bí orin náà ṣe dákẹ́ lójijì. Mi ò wo ojú ẹ̀. Mi ò bèèrè nǹkan kan. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ, nígbà tó dákẹ́, mo fa àwo náà sáàárín àwa méjèèjì, ó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.