Àtúnṣe: Ọmọ Nassau ni The Beginning of the End
Ẹni tó kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ olórin Miami ni The Beginning of the End, pé ọ̀ṣọ́ lásán sì ni ìlù erékùṣù inú orin wọn, ṣi ọ̀rọ̀ náà gbé. Nassau ní erékùṣù Bahamas ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Munnings mẹ́ta ti dá a sílẹ̀. Iléeṣẹ́ àwo orin Alston, tó gbé orin wọn «Funky Nassau» jáde lọ́dún 1971, ló wà ní Miami. Lóòótọ́, dùùrù àti gìtá wọn gba ti sóòlù, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ìsàlẹ̀ orin náà: Junkanoo ni, orin ayẹyẹ àwọn ará Bahamas tí wọ́n ń fi ìlù awọ ewúrẹ́, agogo ọrùn màlúù àti fèrè ṣe ní ìgboro Nassau lóru mọ́jú ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Ó dùn mí tí a bá pè é ní ọ̀ṣọ́, nítorí òun gan-an ló gbé orin náà ró.