Àtúnṣe: Kì í ṣe àìfẹ́ afẹ́fẹ́ ló pa iná South Australia ní 2016

Àwọn ènìyàn ṣì ń pín in kiri pé iná lọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ South Australia ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 nítorí pé ìjọba gbára lé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ (ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí kó lè mú iná wá), afẹ́fẹ́ sì kọ̀ láti fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìjì ló ń jà lọ́jọ́ náà. Ìwádìí AEMO, àjọ tó ń darí iná mànàmáná lọ́hùn-ún, fi hàn pé ìjì ààjà méjì ba àwọn wáyà ńlá jẹ́, tí agbára iná fi já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: wọ́n ti ṣètò ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ pé, tí irú ìjáwálẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti kọjá iye kan, kí wọ́n dín iná tí wọ́n ń mú wá kù láti dáàbò bo ara wọn, nítorí náà megawatt 456 pòórá kí ìṣẹ́jú àáyá méje tó pé. Gbogbo ẹrù yẹn bọ́ sọ́rùn wáyà Heywood, tó so ìpínlẹ̀ náà pọ̀ mọ́ Victoria. Kò lè gbé e, ó gé ara rẹ̀ kúrò, òkùnkùn sì bolẹ̀. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ sí i lóòótọ́, a ò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́, ṣùgbọ́n ètò inú wọn ló ní àléébù, èyí tí wọ́n sì tún ṣe lẹ́yìn náà.

Ní ìparí ọdún 2017, wọ́n gbé bátìrì megawatt 100 kalẹ̀ ní Hornsdale, nítòsí Jamestown ní ìpínlẹ̀ náà. Bí ẹ̀rọ amúnáwá ńlá kan bá kú lójijì, kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé ni bátìrì náà ti ń tú iná sórí wáyà.