"Ṣáà fi sí fírì, kí wọ́n máa fà á lọ": ọ̀rọ̀ tó ń ba gíà ọtomátíìkì jẹ́

Nígbà òjò tó kọjá, wọ́n fi okùn fa Camry kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìwó Road. Màmá kan tó jẹ́ tíṣà ló ni ín. Ó ń ti Èkó bọ̀ ni alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Ògèrè, bátìrì gbẹ, ọkọ̀ dákẹ́. Ẹni tó fẹ́ bá a fà á ní, "Màmá, ẹ ṣáà fi gíà sí fírì, ìyẹn N, kò séwu." Bí wọ́n ṣe fà á láti Ògèrè wọ Ìbàdàn nìyẹn, tí okùn ń já, tí wọ́n ń so ó padà. Riwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, pààrọ̀ alternator, kò gbà á ju wákàtí kan lọ, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Màmá fi gíà sí D kó lọ síwájú, ọkọ̀ kò mira. Ó fi sí R kó padà sẹ́yìn, bákan náà. Ẹni tí orí ń fọ́ ni wọ́n ń gbé lọ sí ọsibítù, wọ́n wá ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà.

Èmi ni mo tú gíàbọ́ọ̀sì náà. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bí ohun tó jóná, irin wẹ́wẹ́ sì ń dán nísàlẹ̀ páànù rẹ̀ bí iyanrìn odò tí oòrùn ràn sí. Àwọn búṣì, òrùka irin tí ọ̀pá gíà ń yí nínú rẹ̀, ti jẹ. Ó di dandan kí màmá lọ ra òmíràn ní Àràrọ̀mí, ní Agodi Gate, tòkúnbọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Owó ilé ìwé ọmọ ló bá a lọ. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ náà, torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tó fà á gbà tọkàntọkàn pé òótọ́ lòun sọ. Mẹkáníìkì tó gbà bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílùú yìí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, kó tó di pé ọ̀gá mi tú ọ̀kan níwájú mi, tó fi inú rẹ̀ hàn mí.

Kì í ṣe òótọ́ rárá.

Ìtumọ̀ fírì gan-an ni wọn ò mọ̀. Tí ẹ bá fi ọkọ̀ sí fírì, ẹ́ńjìnnì lẹ yà kúrò lára gíà. Ẹ ò ya táyà kúrò lára gíà. Táyà iwájú Camry tàbí Corolla so mọ́ gíàbọ́ọ̀sì pẹ̀lú ṣáàfù méjì, ọ̀pá irin tó ń yí táyà, fírì kò sì tú ṣáàfù kankan. Bí táyà ti ń yí lórí títì, ṣáàfù ń yí, eyín gíà, búṣì àti bẹ́árìn tó wà lápá ibẹ̀ náà ń yí. Ẹ rò pé ọkọ̀ kàn ń tẹ̀ lé okùn jẹ́jẹ́ ni, àṣé iṣẹ́ ńlá ń lọ nínú rẹ̀, láìsí ọ́ìlì.

Ẹ lè ní, ọ́ìlì ṣáà wà nínú rẹ̀. Ó wà, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ páànù ló wà. Pọ́ǹpù ló ń fà á sókè, tó ń tì í gba ojú ihò tóóró lọ síbi gbogbo tí irin ti ń kan irin. Ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí pọ́ǹpù yẹn, kì í ṣe táyà. Ẹ wo ilé tó ní bóòhólù nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Omi kún inú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ̀kán kan ò ní já bọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, wọ́n ti mú iná lọ nínú gíàbọ́ọ̀sì nìyẹn. Irin á máa họ irin, ooru á máa gorí ooru, kò sì ní sí iná kankan ní dáṣíbọ́ọ̀dù tí yóò kìlọ̀ fún ẹni tó jókòó sídìí sítíárìn.

Ohun tó jẹ́ kí irọ́ yìí pẹ́ láyé ni pé ìyà rẹ̀ kì í sábà yá. Wọ́n fa ọkọ̀ láti Challenge dé Mókọ́lá, wọ́n tún un ṣe, ó rìn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gíà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, wọ́n ní ọ́ìlì ayédèrú ni. Kò sẹ́ni tó rántí okùn mọ́.

N ò sì lè torí rẹ̀ bú àwọn àgbà, torí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Peugeot 504 àti ìjàpá Volkswagen fi kún títì wa, mánúà, tí awakọ̀ ń fọwọ́ pààrọ̀ gíà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mánúà tó pọ̀ ò gbára lé irú pọ́ǹpù yẹn: eyín gíà fúnra rẹ̀ ló ń rì sínú ọ́ìlì, tó ń ta á sára àwọn yòókù. Ẹni tó bá 504 dàgbà sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí tòkúnbọ̀ ọtomátíìkì gba ìgboro, òfin 504 la gbé lé e lórí, a ò bi í bóyá ó bá a mu.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ iṣẹ́ mi kan gbé fídíò kan wá láti Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n fi ṣe ilé, tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná nínú, ló so ọkọ̀ kékeré mọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń sáré lọ, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ kékeré náà sì wà nílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, àwọn òyìnbó náà ń fà á bẹ́ẹ̀." Mo ní kó jókòó. Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ó ṣe é fà bẹ́ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fà bẹ́ẹ̀. Jeep Wrangler wà lára wọn, torí pé ó ní àpótí gíà kejì tó ní fírì tirẹ̀. Tí wọ́n bá fi ìyẹn sí fírì, táyà ti já kúrò lára gíàbọ́ọ̀sì pátápátá. Ọkọ̀ tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé táyà iwájú rẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ kékeré kan, tàbí kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sórí tírélà. Kì í sì í ṣe okùn ni wọ́n ń lò. Ọ̀pá irin ni, pẹ̀lú ṣéènì tí yóò dì í mú bí ọ̀pá bá já. Wọ́n á fa wáyà iná kí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré lè máa tàn bí ti ọkọ̀ ńlá, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ kan sí i tó ń tẹ bíréèkì rẹ̀ nígbà tí ẹni iwájú bá tẹ tirẹ̀.

Ní tiwa níbí, ẹ kọ́kọ́ mọ táyà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín ń yí. Corolla, Camry, Accord, Micra, iwájú ni. Kí ọkọ̀ tówìn gbé iwájú sókè, kí ẹ sì rí i pé hándíbíréèkì ò dè mọ́ táyà ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ̀yìn sókè torí pé ibẹ̀ ló kọjú sí wọn, ẹ kọ̀ fún wọn, ẹ má tijú. Mercedes àti BMW tó pọ̀, ẹ̀yìn ni tiwọn, nítorí náà ẹ̀yìn ni kí wọ́n gbé. Èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bí àwọn Highlander àti CR-V kan, kò gbọdọ̀ ní táyà kankan nílẹ̀ rárá, àfi kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ pẹrẹsẹ. Háíbíríìdì, tó ń lo epo àti iná mànàmáná, náà ńkọ́? Ọkọ̀ pẹrẹsẹ ni. Mọ́tò iná wà tó so mọ́ táyà rẹ̀, bí táyà bá ń yí, ó lè máa pèsè iná mànàmáná sínú ọkọ̀ tí ẹ rò pé ó ti kú. Mo mọ̀ pé owó tí wọ́n ń gbà wọ́n. Mo sì mọ iye tí gíàbọ́ọ̀sì jẹ́.

Bí ó bá ti di òru, tí tírélà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fi okùn fà á kúrò lójú títì. Ohun tí okùn wà fún nìyẹn. Ìwé Toyota tó pọ̀ gbà á fún pàjáwìrì, lórí ọ̀dà, fún ìrìn díẹ̀, kó má sì dé 30 kìlómítà ní wákàtí kan. Màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó nǹkan bí 127 kìlómítà. Ìyẹn kì í ṣe ìrìn díẹ̀.

Ẹni tí yóò jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń fà gbọ́dọ̀ mọ ọkọ̀ wà dáadáa, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dé. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ lè tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kó gbọ́, lẹ́yìn ìyẹn á le bí òkúta, sítíárìn á wúwo. Camry tó pọ̀ tó nǹkan bí 1,400 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá rò ó pé ẹ ń bọ̀ láti Màpó lọ sí Bẹẹrẹ, tí ẹni iwájú tẹ bíréèkì lójijì. Kọ́kọ́rọ́ náà gbọ́dọ̀ wà ní ACC, ibi àkọ́kọ́ tó ń yí dé, kí sítíárìn má baà há.

Okùn náà, bọ́ńpà kọ́ ni wọ́n ń so ó mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irin ìkọ́ kan wà tó ń wọ inú ihò lẹ́yìn ìdérí kékeré ara bọ́ńpà, ẹ̀gbẹ́ jáàkì àti sípíà táyà ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ ṣí búùtù yín, ẹ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ ló ń dé láìsí i. Nínú Camry màmá yẹn, ààyè rẹ̀ ṣófo. Irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n so okùn mọ́, ó sì ti tẹ̀.