Ọdún Mẹ́ta Ìpilẹ̀ Wèrè

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo ni yóò bunijẹ? Wèrè tó ṣì ń to àkísà jọ lọ́dún kẹta, tí kò tíì wọ ọjà, ẹ mọ irú ẹ̀. Eré Táílàǹdì kan tó parí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé òwe yìí sí mi lẹ́nu, n ò sì tíì rí i gbé mì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo BL ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, eré ìfẹ́ ni, ọmọkùnrin méjì ló máa ń dá lé, àwọn ará Táílàǹdì sì ń pè é ní eré Y. Love Sick ọdún 2014 wà lára àwọn tó la ọ̀nà fún un lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Nígbà tí 2gether dé lọ́dún 2020, tí Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, ó gba ìgboro ayé kan. Ìgbà yẹn lèmi náà kó sí i. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ní Bangkok, aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ló jẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹni tó bá mọ̀ mí kì í pè mí lásìkò yẹn.

Eléyìí tó bí mi nínú, ó lé lọ́dún kan tí wọ́n ti gbé trailer rẹ̀ síta kó tó bẹ̀rẹ̀. Àṣà wọn ni. Wọn á kó àwọn òṣèré jọ sórí ìtàgé, wọn á fi ìṣẹ́jú díẹ̀ hàn wá nínú ohun tí wọn ò tíì yà tán, àwa á wá jókòó máa ka oṣù. Nínú trailer yẹn, ọ̀kan bọ́ jíà ọrùn rẹ̀ fún èkejì nínú òjò. Ẹ jẹ́ n sọ ti jíà yìí. Jíà onírin kékeré kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀ máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wọn, ó rí roboto, ó léyín yípo. Nínú eré Y, ẹni tó bá bọ́ tirẹ̀ fún ọ ti yọ ọkàn rẹ̀ fún ọ nìyẹn, kò tún ku ọ̀rọ̀ kan.

Mo wá dúró de jíà. Apá kìíní, ọ̀kan ṣubú lu èkejì, ojú kan ojú, orin bẹ̀rẹ̀. Apá karùn-ún, wọ́n ṣì ń yọ ara wọn lẹ́nu. Apá kẹjọ, ibà mú ọ̀kan, èkejì fi aṣọ tútù nù ún lára (kò kúkú sí eré Y tí ibà kì í mú ẹnì kan). Kò sẹ́ni tó sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ ẹnì kan. Ìpara ló ń jáde: ẹni tó ń sunkún lọ́wọ́ á dédé yọ ìpara, á kọ àkọlé rẹ̀ sí kámẹ́rà, á fi para, á wá padà sídìí ẹkún. Mo gbà, owó ìpolówó ló ń bọ́ wọn. Apá kọkànlá dé, ìyẹn tí gbogbo àwa tó ń wò ó máa ń bẹ̀rù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tú wọn ká. Wọ́n sì tú wọn ká: ọ̀kan wọ bàálù lọ sókè òkun láìdágbére. Apá kejìlá, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú àwòrán: ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Ọdún mẹ́ta! Ìdá mẹ́rin ni wọ́n gé apá kọ̀ọ̀kan sí lórí YouTube. Ìdá kẹrin ni mo wà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Wọ́n pàdé nílé kọfí, wọ́n rẹ́rìn-ín síra wọn, wọ́n mu tíì inú ike, àkọlé ike ń wò mí lójú, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Jíà dà? Ó wà lọ́rùn ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ Táílàǹdì yìí náà ni òfin ti gba ọkùnrin méjì láàyè láti ṣègbéyàwó láti ọjọ́ 23 oṣù Kìíní, ọdún 2025. Ẹni tí ìjọba ń fún níwèé ìgbéyàwó, jíà ni ẹ ò lè fún un?

Lóru ọjọ́ yẹn, àbúrò mi kan pè mí. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́, àyà mi já, mo rò pé ẹnì kan ti kú. “Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò tiẹ̀ dì mọ́ra wọn!” Ó bú olùdarí, ó bú òǹkọ̀wé, ó ní òun àti ilé-iṣẹ́ yẹn ti pín gaarí. Ilẹ̀ mọ́, ó tún tẹ àtẹ̀jíṣẹ́: tíkẹ́ẹ̀tì ìpàdé àwọn òṣèré méjèèjì ti jáde, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, òun ti sanwó.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo ń sọ ọ́ báyìí. Ìtàn kọ́ ni wọ́n ń tà fún yín, àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ni wọ́n ń tà: fọ́tò wọn, ìpàdé wọn, ìpara ojú wọn. Ẹni tó ń ta òórùn ọbẹ̀, tí owó sì ń wọlé, kí ló fẹ́ fi iná ṣe? Ẹ̀yin lẹ ń sanwó òórùn.

Àwọn tó burú jù ni àwọn tó rí ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú obìnrin nílé oúnjẹ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ. Ta ló sọ fún yín pé ó ń fẹ́ ẹni tó bá a ṣeré? Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún un, ó ṣe é, ó lọ sílé. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí èébú bá ń yún yín lẹ́nu, ẹ lọ bú ẹni tó kọ apá kejìlá, kí ẹ sì di àpò yín mú títí yóò fi kọ ọ́ dáadáa. Ìwọ àbúrò mi, lọ wo ìpàdé tí o fowó rà. Bí ẹkún bá tún gbọ̀n ọ́ lóru, má pè mí.