Tan dátà, pa dátà: bátìrì wo lẹ rò pé ẹ ń dá sí?

Ẹ wọ ọjà Gbági n'Ìbàdàn, ẹ wọ ọkọ̀ máíkírà tó ń ná Ìwó Road sí Challenge, ẹ lọ sí họ́sítẹ̀ẹ̀lì àwọn ọmọ Poly, ohun kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn: tó o bá fẹ́ kí bátìrì fóònù ẹ gbé ẹ dalẹ́, má fi dátà sílẹ̀ ní títàn, tan án, yẹ WhatsApp wò, pa á kíá, tó bá ṣe díẹ̀ kó o tún tan án. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o, NEPA ló kọ́ wa, ẹni tí wọ́n mú iná ẹ̀ lọ láàárọ̀ tí ò mọ ìgbà tó máa dé, kò sọ́gbọ́n tí ò ní dá. Ṣùgbọ́n tan-pa-tan-pa láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún yìí, kò dá nǹkan kan sí, ìgbà míì gan-an ṣe ló ń jẹ bátìrì ọ̀hún sí i.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé wọ́n rò pé tí àwọn bá ti fi àtàǹpàkò tẹ ọfà méjì tí wọ́n fi ń tan dátà tí àwọ̀ ẹ̀ sì ti pa, fóònù ti dákẹ́ nìyẹn, kò bá máàsì, ìyẹn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá dákẹ́, báwo ni ìpè ṣe ń wọlé? Dátà wà lórí o, kò sí lórí o, fóònù máa ń jí láti gbọ́ bóyá wọ́n ń pe òun. Lórí 4G ó lè jẹ́ ní sẹ́kọ́ńdì 1.28 síra wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì lè fi sí 0.64 tàbí 2.56, á tẹ́tí fún mílísẹ́kọ́ńdì mélòó kan, tí wọn ò bá pè é á tún sùn. Bátìrì tí ìyẹn ń jẹ ò tó nǹkan. Dátà tó wà lórí tí nǹkan kan ò gbabẹ̀ kọjá, ohun tó ń ṣe náà nìyẹn, kó sùn, kó jí, kó tún sùn.

Ìgbà tí fóònù bá fẹ́ ránṣẹ́ gan-an ni bátìrì ń lọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ "ẹ káàárọ̀ mà" sí màmá yín lórí WhatsApp. Kó tó lọ, fóònù á kọ́kọ́ pe máàsì, máàsì á dá a lóhùn, fóònù á ní èmi lágbájá ni mo fẹ́ àyè, máàsì á ní ó dáa, wọ́n á jọ ṣètò kọ́kọ́rọ́ tí ẹlòmíì ò fi ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n á wá yọ̀ǹda àyè fún un, ìgbà yẹn ni "ẹ káàárọ̀ mà" tó gbéra. Ìdúnàádúrà yẹn lè pọ̀ ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n torí ẹ̀ dúnàádúrà lọ. Nígbà 3G ó lè gbà tó sẹ́kọ́ńdì 2, òun ló fà á tẹ́ ẹ fi máa tẹ nǹkan tẹ́ ẹ á máa wojú fóònù. 4G, wọ́n ṣe é kó má ju mílísẹ́kọ́ńdì 100 lọ, ti 5G, 20 ni wọ́n fojú sùn. Tí ọ̀rọ̀ bá wá lọ tán, fóònù ò ní padà sùn lójú ẹsẹ̀ o. Bíi awakọ̀ máíkírà tó já èrò sí Mọ́kọ́lá tí ò pa ẹ́ńjìnì, tó ń wò ó bóyá èrò míì á yọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa dúró, ó lè tó bíi sẹ́kọ́ńdì 10, iye tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fi sí i ni. Gbogbo ìyẹn torí "ẹ káàárọ̀ mà" kan.

Ẹ wá wò ó tẹ́ ẹ bá pa dátà tẹ́ ẹ tún tan án. Gbogbo áàpù tó ti wà lórí ìlà tẹ́lẹ̀ ló máa já, tí dátà bá dé kálukú á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, WhatsApp á wá sáfà tiẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ẹ̀, lọ, Facebook á wá tiẹ̀, ímeèlì náà ń bọ̀, Play Store tó ti ń wá àyè àtiṣe ọ́pídéètì látàná náà ò ní gbẹ́yìn, fóònù á máa gbọ̀n jìjì lórí tábìlì, gírúùpù ẹbí, gírúùpù ìjọ, gírúùpù àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde níléèwé (èyí tẹ́ ẹ ti mute láti ọjọ́ tó ti pẹ́), gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń fi flight mode ṣe tiẹ̀ tún wá le jù, torí fóònù á kọ́kọ́ wá máàsì kiri, á forúkọ sílẹ̀, wọ́n á yẹ síìmù ẹ̀ wò bóyá ojúlówó ni, kó tó wá kan ti WhatsApp.

Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ńkọ́? Lórí Android, ọ̀nà kan tí Google là sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ áàpù ń gbà gbọ́ pé mẹ́séèjì dé, kì í ṣe kálukú ló ń jí fóònù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti Android 6, lọ́dún 2015, tí fóònù bá wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́ tí ojú ẹ̀ sì kú, ó máa ń kó iṣẹ́ áàpù jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò yẹn lẹ ń dà rú.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ń ṣe fóònù ti dá irú ọgbọ́n yìí rí. Nígbà 3G àwọn fóònù kan bẹ̀rẹ̀ sí í já ara wọn kúrò lórí ìlà láì sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí bátìrì wọn lè pẹ́, ni gbogbo ẹ̀ bá di já-so-já-so, iṣẹ́ máàsì wá di ìdúnàádúrà ṣáá. 3GPP tó ń ṣòfin nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún gbogbo ayé wá fi sínú Release 8, ọ̀kan lára àwọn àtẹ̀jáde òfin wọn, pé kí fóònù máa tọrọ àyè láti kúrò lórí ìlà, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pinnu. Ní January 2012 nẹ́tíwọ́ọ̀kì Docomo ti Japan dákú ní Tokyo, kì í ṣe tórí fídíò, ọ̀rọ̀ kéékèèké tí áàpù Android ń dá sílẹ̀ ló pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ tuntun wọn lè gbé. Irú wàhálà yìí wà lára ìdí tí 5G fi ní ipò kan tí fóònù á sùn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì ní ju fáìlì ẹ̀ nù, tó bá jí wọn ò tún ní máa bi í pé ta ni ẹ́. Release 16 gé ìgbésẹ̀ tí fóònù fi ń kọ́kọ́ pe máàsì láti 4 sí 2, Release 17 jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kékeré kọjá láì jí fóònù tán. Gbogbo wàhálà wọn ni kí àtúnbẹ̀rẹ̀ dín kù, ẹ̀yin wá ń fi àtàǹpàkò dá a padà.

Ohun míì tó ń jẹ bátìrì yín níbí gan-an ni sígínà tí ò lágbára. Ẹni tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ tí ilé pọ̀ yí ká tàbí ẹ̀yìn òkè, fóònù ẹ̀ á máa fi agbára tó pọ̀ ránṣẹ́ kí máàsì tó gbọ́, lórí 4G ó lè dé bíi mílíwáàtì 200. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sá fún máàsì àdúgbò, ẹ má bínú, bó bá ṣe sún mọ́ yín tó ni fóònù yín ṣe ń fi agbára kékeré ránṣẹ́ tó.

Àwọn ìgbà kan wà tí pípa dára o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, tàbí tẹ́ ẹ wà lójú ọ̀nà oko tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí rárá, ẹ fi sí flight mode, torí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, tẹ́ ò bá fi sí i, ṣe ni fóònù á kàn máa wá máàsì kiri títí bátìrì á fi kú. Ti pé dátà ń sá lọ, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ lè pa á torí owó yín. Tó bá jẹ́ torí bátìrì, ẹ lọ sí settings, ẹ ṣí battery, ẹ wo ohun tó wà lókè pátápátá. Tó bá jẹ́ áàpù kan ni, ẹ dí i lọ́wọ́ kó má ṣiṣẹ́ lábẹ́nú. Tó bá jẹ́ mobile network ló wà lókè, ẹ gbé fóònù kúrò lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì lọ sójú fèrèsé.