Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ tó ń ṣeré ní kíláàsì kò kàwé?

Ìyá kan dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó gbé ike omi tí ọmọ rẹ̀ gbàgbé sílé wá. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún ló wà níwájú mi, wọ́n jókòó ní méjì-méjì sórí ẹní, wọ́n ń ti ìdérí ìgò lórí páálí tí mo fa ìlà sí. Ìyá yìí wò wọ́n títí, ó wá rọra bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, tísà, ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lónìí?”

Kò bú mi o. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló sọ. Ó ń fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀wé, ó sì ti gbọ́ láti kékeré, bí èmi náà ṣe gbọ́ ọ, pé ibi eré wà lọ́tọ̀, ibi ìwé wà lọ́tọ̀. Ọmọ tó bá ń rẹ́rìn-ín ní kíláàsì, eré ló ń ṣe. Èyí tó bá jókòó jẹ́ẹ́, tó ń ṣe àdàkọ ohun tó wà lójú pátákó, òun ló ń kàwé.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, torí àwọn ọmọ ló ń jìyà èrò yìí. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́ta tí wọ́n ki pẹ́ńsù bọ̀ lọ́wọ́, tí ìka rẹ̀ kò tíì lágbára láti dì í mú, tí omijé ń kán sórí ìwé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo páálí yẹn dáadáa. Ilé mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ léra ní ìlà kan ṣoṣo láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, mo sì kọ 1 dé 10 sínú wọn. Mo lẹ bébà mọ́ dáìsì lára kó lè jẹ́ pé 1 àti 2 nìkan ni yóò máa mú. Bí ìdérí ìgò ọmọ kan bá wà nínú ilé 5, tí dáìsì sì mú 2, kò gbọdọ̀ ka “ení, èjì” bó ṣe ń tì í lọ. Orúkọ ilé tó ń wọ̀ ni yóò pè: “ẹ̀fà, èje.” Mo ní kí ìyá yẹn jókòó tì wọ́n, kó ta ọwọ́ kan. Ó ju dáìsì, ó mú 2, ó ti ìdérí tó wà nínú ilé 3, ó ní “ení, èjì.” Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú: “Rárá, Mọ́mì, a kì í padà sí ení. Ẹ̀rin, àrún!”

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ ení dé ẹ̀wá bí ẹni mọ orin. Ẹ dá wọn dúró ní àrún, kí ẹ ní kí wọ́n máa bá a lọ láti ibẹ̀: wọ́n á sáré padà sí ení. Orin ni wọ́n mọ̀, wọn ò tíì mọ nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe ń ti ìdérí yẹn lọ, ojú rẹ̀ ń rí i pé ilé 8 jìnnà síbi tó ti gbéra ju ilé 3 lọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, torí ó ti ti ìdérí náà pẹ́ kó tó débẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n, torí nọ́ńbà tó ti pè pọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ fún un lẹ́ẹ̀kan náà pé 8 ju 3 lọ.

Kì í ṣe èmi ni mo dá eré yìí sílẹ̀. Lọ́dún 2008, Geetha Ramani àti Robert Siegler, àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi láti ìdílé tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n bá ṣe é. Àwọn kan ta eré tí nọ́ńbà wà nínú ilé rẹ̀. Àwọn yòókù ta irú rẹ̀ gan-an, àmọ́ àwọ̀ oríṣiríṣi ló wà nínú ilé tiwọn. Bí a bá kó gbogbo àkókò tí wọ́n fi ta á jọ, kò ju bíi wákàtí kan lọ. Àwọn tó ta eré nọ́ńbà tẹ̀ síwájú nínú kíkà, nínú dídá nọ́ńbà mọ̀ lójú, nínú mímọ èyí tó pọ̀ jù nínú nọ́ńbà méjì, àti nínú fífi nọ́ńbà sí àyè rẹ̀ lórí ìlà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 9 tí wọ́n padà lọ yẹ̀ wọ́n wò, ìmọ̀ náà ṣì wà lórí wọn. Àwọn tó ta eré aláwọ̀ kò rí irú èrè yẹn. Lọ́dún 2009, àwọn méjèèjì tún fi hàn pé páálí tí ilé rẹ̀ tò ní ìlà gbọọrọ ń kọ́ ọmọ ju èyí tó rí róbótó lọ. Ẹ wò ó: eré ni gbogbo wọn ṣe. Bí wọ́n ṣe to eré náà ló fa ìyàtọ̀.

Èmi fúnra mi ti ṣe òdìkejì rẹ̀ rí. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo wọ iṣẹ́ yìí, mo ní kí àwọn ọmọ kọ 8 kún ojú ìwé kan. Ọmọkùnrin kan kọ tiẹ̀, ó gún régé débi pé mo gbé e lọ han àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, mo kó òkúta mẹ́jọ sápá kan, mo kó mẹ́fà sápá kejì, mo bi í pé èwo ló pọ̀ jù. Kò wo òkúta, ojú mi ló ń wò. Ojú mi ló ti ń wá ìdáhùn. Ó dùn mí, mi ò sì gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Mi ò sọ pé ohun tó kọ kò wúlò o, ọwọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ìwé kọ bó pẹ́ bó yá, tábìlì ìsọdipúpọ̀ náà sì ń fẹ́ àtúnṣe léraléra kó tó mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya 8, kò mọ ohun tí 8 jẹ́, ìwé rẹ̀ sì kún bámúbámú. Mo rò pé ohun tó jẹ́ kí èrò yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn: ìwé tó kún ṣeé gbé lọ sílé fún bàbá àti ìyá wò, ohun tó wọ orí ọmọ kò ṣeé dì sínú báàgì.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé àṣà tuntun ni kí a máa fi eré kọ́ ọmọ, pé láyé àtijọ́ ìwé ni ìwé ń jẹ́. Friedrich Fröbel, ará Jámánì, ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké sí ìlú Bad Blankenburg láti ọdún 1837. Lọ́dún 1840 ló fún un lórúkọ tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí, Kindergarten, ìyẹn ọgbà àwọn ọmọdé. Ọ̀kan nínú ohun ìṣeré tó ṣe fún wọn ni igi kéékèèké mẹ́jọ tó rí bíi dáìsì, tí wọ́n bá para pọ̀, wọ́n á di igi ńlá kan tó rí bákan náà. Ọmọ á tú u ká, á tún un tò. Bó bá là á sí méjì, mẹ́rin á wà lápá kọ̀ọ̀kan. Bó bá tún la apá kan sí méjì, á ku méjì-méjì. Kò tíì gbọ́ ìdá mẹ́rin létí rí, àmọ́ ìdá mẹ́rin ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé kíkà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òbí á gbà fún mi lórí ìṣirò, wọ́n á ní ti lẹ́tà yàtọ̀. Àmọ́ kí ọmọ tó lè ka ọ̀rọ̀ lójú bébà, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣeé já sí wẹ́wẹ́. Ní erékùṣù Bornholm lórílẹ̀-èdè Denmark, Ingvar Lundberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí wọ́n máa bá àwọn ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà ṣe eré ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ fún bí oṣù 8: àtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn bára mu, wíwá ìró tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọn ò kọ́ wọn ní lẹ́tà kankan. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 1988, ó sì fi hàn pé nígbà tí àwọn ọmọ yìí fi dé kíláàsì kejì, wọ́n ti ṣáájú àwọn tí kò ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kíkà àti nínú kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ.

Nínú kíláàsì mi, “lábalábá” gba àtẹ́wọ́ mẹ́rin. Mo máa ń pe bàtà, bọ́ọ̀lù, ṣíbí, màá bi wọ́n pé, “Èwo ni àlejò nínú wọn?” Eré tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ohùn: ohùn ìsàlẹ̀, ẹ fọwọ́ kan orúnkún, ohùn àárín, ẹ fọwọ́ kan ìdí, ohùn òkè, ẹ fọwọ́ kan orí. Mo pe “ìgbà”, orúnkún lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe “igbá”, ìdí, orí. Mo pe “igba”, wọ́n á fọwọ́ lu ìdí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín á sì pa wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá débi àmì ohùn lójú ìwé, ara wọn á ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ojú.

Eré kan tún wà tó jọ pé kò ní ìwé nínú rárá. Mo ní “ẹ fọwọ́ kan orí”, ẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Mo ní ẹsẹ̀, orí ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wọn ló máa ń ṣìnà. Ọmọ tó ń ṣe é ní láti rántí òfin, kó dá ọwọ́ rẹ̀ tó ti fẹ́ lọ sórí dúró, kó sì darí rẹ̀ síbòmíràn. Agbára yìí kan náà ló máa lò bó bá fẹ́ dúró kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tán, tàbí kó tún iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó sáré gbé e wá. A máa ń pariwo “ẹ jókòó jẹ́ẹ́” lé ọmọ lórí bí ẹni pé ìkóra-ẹni-níjàánu ń ti inú ariwo wá.

Àmọ́ ó yẹ kí n sọ ìdajì kejì ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn kan ti gbá a mú láti apá ibòmíràn. Wọ́n ní kí a kó ohun ìṣeré sílẹ̀, kí olùkọ́ jókòó sí kọ̀rọ̀, pé àwọn ọmọ á kọ́ gbogbo rẹ̀ fúnra wọn. Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́. Lọ́dún 2013, Kelly Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ṣe ń mọ onígun mẹ́ta àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan jókòó, àgbà ṣàlàyé fún wọn. Àwọn kan kàn ń fi àwọn ohun náà ṣeré bó ṣe wù wọ́n. Àwọn ẹ̀ka kẹta bá àgbà wá àṣírí tó wà lára wọn, àgbà ń béèrè, ọmọ ń fọwọ́ kàn án, ó ń ka igun rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka kẹta yìí ló mọ̀ ọ́n jù, débi pé bí onígun mẹ́ta bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tó dorí kodò, wọ́n ṣì mọ̀ pé onígun mẹ́ta ni. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣe tiwọn ni wọ́n rí kọ́ kéré jù.

Nítorí náà, olùkọ́ kò kúrò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ le ju ti pátákó lọ pàápàá. Òun ló mọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n kọ́, òun ló to eré náà débi tí wọn ò fi lè ṣe é láìkọ́ ọ, òun ló sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ló máa ń nira fún wa jù. Elizabeth Bonawitz àti Laura Schulz wà lára àwọn tó fi ohun ìṣeré kan han àwọn ọmọdé nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2011, ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára rẹ̀ tí ó lè ṣe. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ọ̀kan ní tààràtà jókòó ti ẹyọ kan yẹn, àwárí tí wọ́n ṣe kò tó ti àwọn tí wọn ò kọ́.

Bí ọmọ bá sì ti kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi, a kì í sọ pé ó ti tán. Fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá, mo máa ń to eré ìje: sárésáré méjìlá, 1 dé 12. Kálukú á mú tirẹ̀. A ó ju dáìsì méjì, a ó ro wọ́n pọ̀, sárésáré tí àròpọ̀ náà bá pè á sún síwájú. Ọmọ tó mú 1 á máa dúró, á máa dúró, títí yóò fi pariwo pé, “Tísà, tèmi ò lè sún láéláé!” Kí ló dé? Wọ́n á dá a lóhùn kí n tó lanu. Lẹ́yìn ìje bíi mélòó kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ja ìjà 7. Ìgbà yẹn la tó ń mú pẹ́ńsù: nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, 7 ní ọ̀nà 6, 12 ní ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo lé wọn, torí wọ́n fẹ́ jàre ẹnìkejì wọn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá délé tó ní eré ni àwọn ṣe, ẹ má fajú ro. Ẹ ní kó kọ́ yín ní eré náà, kó sọ òfin rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì jọ ta á. Ẹ máa gbọ́ ohun tó kọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn sáré kiri nínú ọgbà ni, ìyẹn náà dára fún ara àti ọpọlọ wọn, àmọ́ kì í ṣe òun ni mò ń sọ. Bó bá sì jẹ́ pé nínú kíláàsì ni eré ọ̀hún ti wáyé, tí ọmọ kò sì rí nǹkan kan sọ nípa rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ bi í pé, “Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ nínú eré yẹn?” Olùkọ́ tó to eré náà fúnra rẹ̀ á fà yín jókòó, á sì ṣàlàyé fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú.